Ìdánwò Ráńpẹ́ Tí Kò Ní Máàkì: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Ti Ń Jò

Ọdún kan wà tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọ́ àwọn ọmọ JSS 1 ní aròpọ̀ ìdá. Tí ẹ̀kọ́ bá ti parí, màá bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Wọn á pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" débi pé olùkọ́ kíláàsì kejì á yọjú wò wá. Ìdánwò ìparí sáà dé. Mo jókòó ti ìwé wọn, mo ń máàkì, mo rí ẹni tó kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. Mo fa igi lé e. Mo ṣí ìwé kejì, 2/5. Ìkẹta, 2/5. Kí n tó máàkì ogún ìwé, mo ti mọ̀ pé èmi gan-an ni mo fìdí rẹmi. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ọjọ́ mélòó kan péré ló kù kí ilé ìwé pa dé. Kò sí àyè tí mo lè fi tún un ṣe.

"Ṣé ó yé yín" kì í ṣe ìbéèrè. Ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́, á sì sọ ọ́. Láti ọdún yẹn ni mo ti fi ìdánwò ráńpẹ́ rọ́pò rẹ̀: ìbéèrè márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, ìwé ní pípadé, kò sì sí máàkì kankan tó ń lọ sínú ìwé C.A., ìyẹn ìwé máàkì àárín sáà. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Ìṣirò ni mo ń kọ́, nítorí náà ìṣirò ni àpẹẹrẹ mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ Bàọ́lọ́jì tàbí ti ìtàn lè mú un lò láìyí ohun púpọ̀ padà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá

Iṣẹ́ méjì ni ìdánwò yìí ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń fi ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń jò han olùkọ́ nígbà tí àyè ṣì wà láti dí i. Èkejì ni ọ̀pọ̀ wa kò kà sí: bí ọmọ ṣe ń wá nǹkan nínú orí rẹ̀, tó ń fà á jáde, ìfàjáde yẹn gan-an ń mú kí nǹkan náà dúró.

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì kan, tẹ ìwé jáde nípa bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí tó sì ń dán ara rẹ̀ wò. Ó rí i pé wákàtí àti ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù ń sá lọ, lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé á wá dẹwọ́. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington tó wà ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kà. Wọ́n ní kí wọ́n ka ọ̀kan ní àkàtúnkà. Ní ti èkejì, wọ́n ní kí wọ́n pa á dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àkàtúnkà ló ṣíwájú: ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rántí, 75 sì ni ti èyí tí wọ́n kọ láti inú orí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àkàtúnkà já sí 42, èkejì ṣì wà ní 56.

Ẹ wo ti ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn dáadáa, torí òun ló ń tan gbogbo wa jẹ. Ọmọ tó ka nóòtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́, fún alẹ́ yẹn.

Àwọn tó ń pa àlọ́ fún wa lálẹ́ kò gbọ́ nípa St. Louis. "Awẹ́ obì kan, à jẹ d'Ọ́yọ̀ọ́, kí ni o?" Kò sẹ́ni tó ń sọ ìdáhùn kí ọmọ tó gbìyànjú. Ọmọ á ní "ata", wọ́n á rẹ́rìn-ín, òmíràn á ní "iyọ̀", títí ẹnì kan á fi pariwo "ahọ́n!" Kò sẹ́ni tó ń na ẹni tó ṣì í. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún pa àlọ́ kan náà, ẹni tó ṣì í tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí ti wà nínú ìyẹn, èyí tó kù jẹ́ bí a ṣe lè gbé e wọ inú kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ.

Kíkọ ìbéèrè: ibi tí iṣẹ́ wà

Ìbéèrè tó dáa kì í jáde láti inú orí olùkọ́ nìkan. Inú ìwé àwọn ọmọ ló ti ń wá. Tí ẹ bá ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ má kàn fa igi lé èyí tí kò tọ̀nà kí ẹ kọjá lọ; ẹ kọ àṣìṣe náà sínú ìwé kan, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ọ̀nà wo ni ọmọ yìí gbà débẹ̀. Àṣìṣe ọmọ kì í sábà jẹ́ ìranù, ọ̀nà tó tọ̀ ló ṣì.

Ẹ jẹ́ ká mú 1/2 + 1/3. Tí mo bá fẹ́ fún wọn ní ìdáhùn mẹ́rin láti mú nínú rẹ̀, báyìí ni mo ṣe ń tò ó:

A. 2/5
B. 5/6
C. 2/6
D. 1/6

B ló tọ̀nà. Ẹni tó mú A ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé ìdá kan jẹ́ iye kan ṣoṣo, nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn lórí ló rí. Ẹni tó mú C mọ̀ pé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, ó sì rí 6, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti yí òkè padà. Ẹni tó mú D sọ wọ́n di púpọ̀ ni, ó da òfin ìsọdipúpọ̀ pọ̀ mọ́ ti aròpọ̀. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, oògùn wọn kò sì dọ́gba: ẹni tó mú C nílò ìṣẹ́jú méjì, ẹni tó mú A nílò kí a padà sídìí ohun tí ìdá jẹ́, bíi búrẹ́dì tí a gé. Ká ní mo kàn fi 7/9 àti 4/11 kún un kí ó lè pé mẹ́rin, ẹni tó bá mú wọn kò sọ nǹkankan fún mi.

Ìbéèrè kan ṣoṣo sì lè purọ́ fún yín. Mo bi wọ́n rí pé, nínú 0.5, 0.35 àti 0.125, èwo ló tóbi jù? Àwọn kan mú 0.125. Wọ́n rò pé bí nọ́ńbà ṣe gùn tó ló ṣe tóbi tó, torí 125 ju 5 lọ nínú ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré. Mo rò pé àwọn tó mú 0.5 ti là á já. Irọ́ ni! Àwọn kan wà láàárín wọn tí èrò tiwọn jẹ́ òdìkejì: nọ́ńbà tó kúrú jù ló tóbi jù. Èrò òdì ló gbé wọn dé ìdáhùn tó tọ̀nà. Nítorí náà mo máa ń fi ìbéèrè kejì tẹ̀ lé e: 0.3 àti 0.48, èwo ló tóbi jù? Ẹni tó ń tẹ̀ lé "èyí tó kúrú" á mú 0.3, ọwọ́ á sì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń tẹ̀ lé "èyí tó gùn" á gba èyí, ṣùgbọ́n ó ti ṣubú nínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gba méjèèjì nìkan ni mo lè fi ọkàn tán. Tí ẹ bá lè kọ ìbéèrè ní méjì-méjì báyìí fún kókó tó le, ẹ kọ ọ́.

Nínú márùn-ún, kí méjì má ní A, B, C, D rárá. Kí ọmọ kọ ìdáhùn fúnra rẹ̀. Yíyàn rọrùn ju wíwá lọ, wíwá ló sì ń mú kí ó dúró. Ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo máa ń fi ìbéèrè kan síbẹ̀ tí kò ní ìṣirò nínú: "Àbúrò rẹ ní 1/4 tóbi ju 1/3 lọ torí 4 ju 3 lọ. Kí lo máa sọ fún un?" Gbólóhùn kan péré. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tó kọ́ òfin sórí àti ẹni tó mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC àti JAMB fi ń béèrè ìbéèrè, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ sójú bọ́ọ̀dù. Àmọ́ tí ọ̀pọ̀ bá ṣubú, mo máa ń tún ìbéèrè náà bi wọ́n ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á báyìí, ìṣirò kọ́ ló ń jò, Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ó yà mí lẹ́nu pé a ṣì ń ṣe bí ẹni pé ọmọ tí kò gbọ́ ìbéèrè ni ọmọ tí kò mọ ìdáhùn.

Ṣíṣe é nínú kíláàsì

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe ìparí. Ohun tí ẹ kọ́ wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu wọn; tí wọ́n bá gbà á, ẹ kò tíì mọ nǹkankan. Ẹ jẹ́ kó sùn lóru kan ó kéré tán.

Kí ìbéèrè ti wà lójú bọ́ọ̀dù kí àwọn ọmọ tó jókòó. Fúlúsíkáàpù kan tí a pín sí mẹ́rin ti tó ọmọ mẹ́rin, ọgọ́ta ọmọ á lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ìwé bá wọ́n, kí wọ́n máa kọ ọ́ sẹ́yìn nóòtì wọn. Ọjọ́ tí kò bá sí àyè, ìka ni mo ń lò: ìka kan fún A, méjì fún B, mẹ́ta fún C, mẹ́rin fún D. Kí wọ́n di ojú, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, kí wọ́n ṣí ìka sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí mo bá ní "ó yá!" Ojú dídì yẹn ṣe pàtàkì, torí bí wọ́n bá la ojú, gbogbo kíláàsì á wo ọmọ tó ń gba ipò kìíní kí wọ́n tó na ìka.

Ohun kékeré kan tí mo fi kún un lẹ́yìn ọdún mélòó kan: kí ọmọ kọ M sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn tí ó bá dá a lójú, ìyẹn "mo mọ̀ ọ́n", kí ó sì kọ F bí ó bá fojú bù ú. Ẹni tó ṣì í tó kọ F, òun náà mọ̀ pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣì í tó kọ M ni mo ń lọ bá kọ́kọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e

Ẹ má kó ìwé lọ sílé lọ máàkì. Tí ìdáhùn bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ ti gbàgbé ohun tó rò nígbà tó kọ ọ́. Ewu mìíràn tún wà nínú ìbéèrè oní-A, B, C, D: ọmọ tó mú ìdáhùn òdì tí ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe fún lè gbé òdì náà lọ bí òtítọ́. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni àtúnṣe, bó ṣe ń parí.

Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì ní Harvard, ni mo gba ọgbọ́n èyí lọ́wọ́ rẹ̀; láti nǹkan bí 1991 ló ti ń lò ó. Tí àwọn tó gba ìbéèrè kò bá tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún ẹ̀kọ́ náà kọ́, ìjíròrò kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ torí kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà láàárín wọn. Tí wọ́n bá ju àádọ́rin lọ, ẹ ṣàlàyé ráńpẹ́ kí ẹ máa lọ. Àárín méjèèjì ni ìbùkún wà: ẹ má sọ ìdáhùn. Ẹ ní kí oníkálukú yíjú sí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ kó sì gbìyànjú láti yí i lérò padà, ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún na ìka. Ariwo á sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye nǹkan ní àná ṣì rántí ibi tó ti há òun fúnra rẹ̀, èyí tí èmi ti gbàgbé láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Ọjọ́ tí mo gbé 2/5 yẹn padà wá síwájú kíláàsì tuntun, ọmọ bí ogójì nínú ọgọ́ta ló na ìka kan. Mi ò sọ pé wọ́n ṣì í. Mo ní, "Mo fún yín ní ìdajì búrẹ́dì. Mo tún fi díẹ̀ kún un. Ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ yín ju ìdajì lọ àbí kò tó ìdajì?" Wọ́n ní ó jù ú lọ, kò ní àríyànjiyàn. Mo ní, "2/5 ńkọ́? Tí a bá gé búrẹ́dì sí márùn-ún, tí ẹ mú méjì, ṣé ó tó ìdajì?" Ilé dákẹ́. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ah-ah! Mà, ó ti dínkù!" Mi ò tíì kọ́ wọn ní òfin kankan lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni 2/5 ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wọ́n lójú bí owó tí oníṣòwò jí mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ máàkì

Ibí ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti máa ń bá mi jà. "Tí kò bá ní máàkì, wọn ò ní ṣe é." Wọn á ṣe é. Ohun tí wọn ò ní ṣe ni jíjí i wò. Ìwé ẹlòmíràn tí ọmọ ń yọjú wò, ìbẹ̀rù ló ń mú un yọjú, ìbẹ̀rù pàṣán, ìbẹ̀rù "ipò kelòó lo mú?" nílé. Mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò, wàá rí òtítọ́. Ìdánwò tí wọ́n jí wò kò wúlò fún olùkọ́ tó ń wá ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń jò.

Nítorí náà: ẹ má pe orúkọ ẹni tó ṣì í. Ẹ má ka iye tí oníkálukú gbà síta. Ẹ má na ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ láé; bí ẹ bá na ọmọ kan ṣoṣo, gbogbo yòókù á padà sí "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Àwọn ìdánwò C.A. gidi wà ní àyè tiwọn pẹ̀lú máàkì tiwọn, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ta kú pé òun gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà nínú ìwé, ẹ fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó kọ ọ́ tó sì tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe pẹ̀lú báírò aláwọ̀ mìíràn, kì í ṣe nítorí pé ó gbà á.

Kí ìbéèrè àtijọ́ máa padà wá

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún èyí nìkan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ẹ bi wọ́n, iye ọmọ tó gbà á, àti ìdáhùn òdì tí wọ́n mú jù. Nínú márùn-ún tí mo ń kọ, méjì wá láti inú ẹ̀kọ́ tó kọjá, méjì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Ti oṣù kan yẹn ni wọ́n máa ń kùn sí jù. "Mà, ẹ ti kúrò níbẹ̀!" Èmi ti kúrò lóòótọ́, WAEC kò ní kúrò. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ gbà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, mo fi í sílẹ̀ di sáà tó ń bọ̀. Èyí tó ń ṣubú, mo ń dá a padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó yàtọ̀ kí wọ́n má kàn rántí lẹ́tà tó tọ̀nà.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà

Díẹ̀ ni mo máa sọ. Google Forms, fọ́ọ̀mù ìbéèrè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dára fún àwọn ọmọ SS 3, torí ó ń ka iye fún ọ, àti pé láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí ojú wọn mọ́ ọn. Kahoot, eré ìbéèrè orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, dùn, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n aago rẹ̀ ń sáré, orúkọ ẹni tó yára jù sì ń hàn lókè. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ipò. Mo ń lò ó fún ọjọ́ Ẹtì ìparí sáà, kì í ṣe fún wíwá ibi tó ń jò. Ní ti ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa tí fóònù kò gbọ́dọ̀ wọlé, tí iná kò sì dúró, ìka mẹ́rin kò nílò dátà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn náà kọ ìbéèrè

Nígbà tí sáà bá ti lọ dé ìdajì, mo máa ń ní kí ọmọ méjì-méjì kọ ìbéèrè kan pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin. Òfin kan ṣoṣo: kí wọ́n kọ sábẹ́ ìdáhùn òdì kọ̀ọ̀kan irú ẹni tí yóò mú un. Ìgbà àkọ́kọ́ kì í dára, wọ́n á kàn kọ nọ́ńbà kí nọ́ńbà. Nígbà kẹta, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì fi ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. 3/4 yọ 1/2 ni, ìdáhùn òdì kìíní rẹ̀ sì jẹ́ 2/2. Sábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Èmi, kí ó tó di oṣù tó kọjá."